Ṣé CCleaner ni àbí èyí tó bá Windows wá? Ìfiwéra àwọn sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá ni àǹtí kan ládùúgbò wa gbé láàptọ́ọ̀pù wọn wá bá mi, tíṣà ni wọ́n, orí ẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ lesson note àti ìbéèrè ìdánwò. Wọ́n ní, "Bá mi wò ó jọ̀ọ́, ó ti ya ọ̀lẹ, tí mo bá tàn án, màá ti tẹ ẹ̀bà jẹ tán kó tó ṣí." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ẹ gbé e kalẹ̀ mà.

Tòkùnbọ̀ ni, RAM 4GB, hard disk 500GB oníyíyí ti ayé àtijọ́, Windows 10. Mo fi fóònù mi ka àkókò, ìṣẹ́jú 7 gbáko ni kí Chrome tó ṣí. Nígbà tó sì ṣí tán, sọ́fítíwíà 5 ló ń du ojú screen mọ́ ara wọn lọ́wọ́: ọ̀kan ní òun rí ìṣòro 1,843, èkejì ní kí wọ́n sanwó kí òun lè bá wọn tú RAM sílẹ̀, ẹ̀kẹta ní gbogbo driver wọn (àwọn sọ́fítíwíà kéékèèké tó ń bá Windows darí àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà) ti gbó, antivirus méjì tún wà níbẹ̀ tí ara ò rọ okùn ara ò rọ adìẹ. Ohun tí wọ́n kó síbẹ̀ torí kó lè yára gan-an ni ò jẹ́ kó yára.

Èyí ló jẹ́ kí n ní kí n kọ eléyìí, torí ìbéèrè kan náà lẹ máa ń bi mí ṣáá: èwo ni kí n dáónlóòdù? Bí mo ṣe máa ń wò wọ́n rèé. Sọ́fítíwíà tó ń fi nǹkan hàn yín yàtọ̀ sí èyí tó ní òun á bá yín tún un ṣe. Èyí tó ń fi hàn yín á sọ pé fáìlì báyìí ló jẹ àyè báyìí, hard disk yín ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí báyìí, ẹ̀yin lẹ máa wá pinnu. Èyí tó ní òun á tún un ṣe, bọ́tìnnì gbàǹgbà aláwọ̀ ewé kan ló máa ń ní, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ṣe ohun tẹ́ ò rí, ó ní òun ti parí. Irú àkọ́kọ́ ni mo fọkàn tán. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Kíkó ìdọ̀tí: ti Windows, CCleaner, àbí BleachBit?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti Windows fúnra ẹ̀, torí ó ti wà níbẹ̀, kò ní jẹ dátà yín. Méjì ni. Disk Cleanup ti wà láti ayé Windows 98, ẹ kàn tẹ cleanmgr sínú search, á jáde. Storage Sense dé lọ́dún 2017, inú Settings, System, Storage ló wà, ìyẹn lè máa ṣe é fúnra ẹ̀, ẹ lè ní kó máa da ohun tó wà nínú recycle bin nù lẹ́yìn ọjọ́ 14 tàbí ọgbọ̀n ọjọ́. Ibi tó dáa jù nínú Disk Cleanup ni bọ́tìnnì tí wọ́n kọ "Clean up system files" sí, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ sì ni àjẹkù Windows update wà, tẹ́ ẹ bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe upgrade, ibẹ̀ náà ni Windows àtijọ́ yín wà odindi, èyí tó lè jẹ 10GB àbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣọ́ra níbì kan sha. Lọ́dún 2018 wọ́n fi Downloads kún ohun tí Disk Cleanup lè pa rẹ́, àwọn tó kàn máa ń tick gbogbo ẹ̀ lọ rárá bẹ̀rẹ̀ sí í wá fáìlì wọn kiri. Wọ́n yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ lọ́dún 2020, àmọ́ ó ṣì wà nínú Temporary files tó wà lábẹ́ Storage, kẹ́ ẹ ka ohun tẹ́ ẹ ń tick kẹ́ ẹ tó tick ẹ̀.

CCleaner ni gbogbo ayé mọ̀. Ilé iṣẹ́ Piriform ní London ló gbé e jáde, lọ́dún 2004, nígbà tí hard disk ṣì kéré tí 2GB tẹ́ ẹ bá rí gbà padà jẹ́ nǹkan ńlá. Ohun tó fi ju ti Windows lọ ni pé ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa wọ Chrome, Firefox, Edge àti àwọn sọ́fítíwíà míì tẹ́ ẹ ní, á palẹ̀ gbogbo wọn mọ́. Ohun tí mi ò fẹ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá lo ti ọ̀fẹ́, wọn ò ní jẹ́ kó sinmi, ẹ ra Pro, ẹ ra Pro, ó sì fẹ́ máa dìde tẹ́ ẹ bá ti tan kọ̀ǹpútà. Ó tún máa ń pa cookies rẹ́, ìyẹn ohun tí site fi ń rántí yín, tẹ́ ẹ ò bá sọ fún un pé kó má pa á, ẹ ṣí Facebook, ó ní kẹ́ ẹ mú password wá, password tẹ́ ẹ ti gbàgbé látọdún tó kọjá.

Mo tún fẹ́ kẹ́ ẹ mọ èyí. Láti 15 August sí 12 September 2017, àwọn ọ̀daràn ti báírọ́ọ̀sì bọ inú CCleaner version 5.33. Kì í ṣe ayédèrú kan níbì kan o, ojúlówó tí ilé iṣẹ́ náà fọwọ́ sí, tó wà lórí website wọn gangan, kọ̀ǹpútà tó lé ní mílíọ̀nù méjì ló gbà á wọlé. Wọ́n ti tún un ṣe tipẹ́, mi ò sọ pé báírọ́ọ̀sì ṣì wà níbẹ̀. Àmọ́ gbogbo sọ́fítíwíà tẹ́ ẹ bá gbé wọlé, ilẹ̀kùn kan lẹ ṣí yẹn, so kó jẹ́ pé ẹ nílò ẹ̀ lóòótọ́ ni.

BleachBit dé ní 2008, open source ni, ìyẹn ni pé gbogbo èèyàn lè rí bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ọ̀fẹ́ ni tọkàntọkàn, kò sí Pro kankan tí wọ́n máa tà fún yín, ó wà fún Windows, ó wà fún Linux. (Tí orúkọ ẹ̀ bá jọ ohun tẹ́ ẹ ti gbọ́ rí, ọ̀rọ̀ email Hillary Clinton ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2016 ló sọ ọ́ di olókìkí.) Tẹ́ ẹ bá pa á dé, ó pa dé nìyẹn, kì í lúgọ síbì kankan. Ó tún ní Preview, tó máa kọ́kọ́ to gbogbo fáìlì tó fẹ́ pa sílẹ̀ fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó fọwọ́ kàn wọ́n, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn ẹ̀. Ìṣòro ẹ̀ ni pé kì í ṣe fún ẹni tí kì í kàwé. Ẹ tick Passwords, ó ti pa password tí browser bá yín fi pamọ́. Ẹ tick Free disk space, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sí gbogbo ibi tó ṣófo lórí disk, ẹ lè sùn kẹ́ ẹ jí ó ṣì ń ṣe é, tó bá sì jẹ́ SSD (disk tí kò ní ohun tó ń yí nínú), ẹ kàn ń jẹ ọjọ́ ayé ẹ̀ ni.

Nǹkan kan wà tí gbogbo wọn kì í sọ fún èèyàn. Cache tí ẹ ń pa yẹn, ìyẹn àwọn fáìlì tí browser kó pamọ́ látinú site tẹ́ ẹ ti ṣí, ìdí tó fi wà níbẹ̀ ni kí browser má bàa tún máa dáónlóòdù àwòrán kan náà. Tẹ́ ẹ bá ń pa á lójoojúmọ́, dátà ni ẹ ń fi san án padà, site á sì tún pẹ́ kó tó ṣí. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ti tó, àbí ìgbà tí àyè bá tán.

Èmi o, ti Windows ni màá ní kẹ́ ẹ lò. Ẹni tó bá lo Linux tàbí tó mọ ohun tó ń tick, kó gba BleachBit. CCleaner, mi ò rí nǹkan tí mo fi ń ṣe láyé tá a wà yìí, ẹni tó bá ti mọ́ lára kó máa lò ó àmọ́ kó má jẹ́ kó máa bá kọ̀ǹpútà dìde.

Ta ló jẹ àyè tán? WizTree àbí WinDirStat

Disk tó kún, ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ìdọ̀tí ló kún un, ohun tí ẹ̀yin fọwọ́ ara yín kó síbẹ̀ ni. Àwọn méjì yìí ò ní pa nǹkan kan fúnra wọn, wọ́n kàn máa ya disk yín bí àpótí kéékèèké àti ńláńlá, èyí tó bá tóbi jù lójú ni fáìlì tó tóbi jù.

WinDirStat ti pẹ́, open source ni, àwọ̀ ẹ̀ dùn ún wò. Èyí àtijọ́ ẹ̀ ni ò dáa tó, á máa rìn láti fódà dé fódà títí ojú yín á fi bó, version 2 tó jáde láìpẹ́ yìí ti yára díẹ̀. WizTree ò rìn kiri rárá, ìwé àkọsílẹ̀ tí NTFS (ètò tí Windows fi ń to fáìlì sórí disk) fúnra ẹ̀ kọ gbogbo orúkọ fáìlì sí ló máa ń lọ kà, ìdí nìyẹn tó fi máa parí kẹ́ ẹ tó mú ife omi kan. Ọ̀fẹ́ ni fún ìlò ilé, ilé iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ rà á. Tó bá jẹ́ flash tí wọ́n fi FAT32, ètò àtijọ́ míì, ṣe, eré ẹ̀ yẹn ò sí mọ́, àwọn méjèèjì di ọgba.

Lórí láàptọ́ọ̀pù àǹtí, WizTree ni mo lò. Àpótí ńlá kan gba ìdajì ojú screen, mo fi mouse sórí ẹ̀: fídíò ìgbéyàwó àbúrò wọn, ọ̀kan nínú Downloads, ọ̀kan lórí Desktop, ọ̀kan nínú fódà tí wọ́n pè ní New folder (3). Fídíò kan náà, lẹ́ẹ̀mẹta. Cleaner mélòó ni wọ́n ti fi palẹ̀ kọ̀ǹpútà yìí mọ́ tí kò sọ fún wọn? Wọ́n ní "Háà, mo rò pé mo ti pa á rẹ́ ni." A pa méjì, 46GB jáde lójú ẹsẹ̀. Cleaner wọn tó ní ìṣòro 1,843 yẹn, gbogbo ohun tó fẹ́ pa ò pé 1GB.

Ẹ máa rí fáìlì kan tó ń jẹ́ hiberfil.sys níbẹ̀ àti pagefile.sys, ẹ má fi ọwọ́ pa wọ́n. Tẹ́ ẹ ò bá lo hibernate rárá (kí kọ̀ǹpútà kú àmọ́ kó fi ohun tẹ́ ẹ ń ṣe pamọ́ sórí disk), ẹ ṣí Command Prompt bí administrator, ẹ tẹ powercfg /h off, ti àkọ́kọ́ á lọ fúnra ẹ̀. Ohunkóhun tó bá wà nínú fódà Windows, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Registry cleaner, PC optimizer, driver updater

Mi ò ní fi wọ́n wé ara wọn, torí kò sí èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbé wọlé. Registry ni ìwé tí Windows kọ gbogbo ètò ẹ̀ sí, ìlà tí ò wúlò mọ́ nínú ẹ̀ kì í mú kọ̀ǹpútà falẹ̀, àmọ́ ìlà kan tí wọ́n bá fà ya tí kò yẹ kí wọ́n fà ya lè mú kó má tàn mọ́. Microsoft fúnra ẹ̀ ní òun ò fọwọ́ sí lílo registry cleaner. Driver ńkọ́, Windows Update ni, tàbí website àwọn tó ṣe láàptọ́ọ̀pù yín.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìṣòro 1,843 yẹn ṣe ń wáyé, ẹ gbọ́ èyí. Lọ́dún 2019, Office Depot ní Amẹ́ríkà gbà láti san mílíọ̀nù 25 dọ́là, Support.com tó bá wọn ṣe sọ́fítíwíà náà san mílíọ̀nù 10. Ohun tí FTC, ìyẹn àjọ tó ń gbèjà àwọn oníbàárà níbẹ̀, sọ pé ó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á bi èèyàn ní ìbéèrè 4 kí àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀, ṣé kọ̀ǹpútà yín ń falẹ̀, ṣé ó máa ń kú lójijì, irú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ẹyọ kan, sọ́fítíwíà yẹn á ní òun rí àmì báírọ́ọ̀sì. Ohun tó rí lórí disk ò kàn án rárá. Lọ́dún 2024 ẹ̀wẹ̀, Restoro àti Reimage náà san mílíọ̀nù 26 dọ́là lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Kí ẹ̀rù tó máa bà yín nígbà tẹ́ ẹ bá rí pupa lójú screen, ẹ rántí ìyẹn.

Àwọn tó máa ń bá kọ̀ǹpútà dìde: Task Manager àbí Autoruns

Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, Task Manager á ṣí, ẹ lọ sí Startup. Gbogbo ohun tó ń dìde wà níbẹ̀, ó sì kọ ọ́ síwájú wọn èyí tó ń fa ẹsẹ̀, High, Medium, Low. Ẹ disable èyí tẹ́ ò nílò láàárọ̀. Ó tán. Fún mẹ́sàn-án nínú èèyàn mẹ́wàá, ìyẹn ti tó.

Autoruns wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Sysinternals tí Microsoft rà ní 2006. Ó ń fi gbogbo kọ̀rọ̀ tí nǹkan lè fara pamọ́ sí hàn, service, scheduled task, driver, àní ó pọ̀ débi tí ojú á fi ṣú yín. Tẹ́ ẹ bá máa lò ó, ẹ kọ́kọ́ yan Hide Microsoft Entries, kẹ́ ẹ sì kàn yọ tick kúrò, ẹ má tẹ Delete, torí èyí tẹ́ ẹ yọ tick ẹ̀ ṣì ṣeé dá padà. Ìgbà tí mo bá ń wá nǹkan tí Task Manager ò rí ni mo máa ń ṣí i.

Lórí ti àǹtí, mo yọ mẹ́rin nínú sọ́fítíwíà márùn-ún yẹn kúrò, mo wá pa ohun 9 ní Startup. Ìṣẹ́jú 7 di 4. Inú wọn dùn. Èmi ni inú mi ò tíì dùn, torí 4 ṣì ti pọ̀ jù.

Defender àbí Malwarebytes

Kì í ṣe àbí rárá. Defender, antivirus ti Windows fúnra ẹ̀, ti wà nínú Windows, ó ń ṣọ́ yín ní gbogbo ìgbà, owó ò sí níbẹ̀. Malwarebytes ti ọ̀fẹ́ kì í ṣọ́ yín, ẹ̀yin lẹ máa ń pè é kó wá wò ó, ohun tó dáa sí ni àwọn àpù agbékèéyíde tó máa ń yí homepage padà tí ìpolówó á máa yọ bí olú. Ẹ lè ní méjèèjì, ọ̀kan ṣọ́dẹ, ọ̀kan dókítà tẹ́ ẹ máa ń ké sí. Tẹ́ ẹ bá fi í síbẹ̀, á kọ́kọ́ fún yín ní Premium fún ọjọ́ 14, ẹ má bẹ̀rù, tí ọjọ́ bá pé á di ti ọ̀fẹ́. Ohun tí kò dáa ni antivirus méjì tí àwọn méjèèjì ń ṣọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bíi ti àǹtí, gbogbo fáìlì tẹ́ ẹ bá ṣí, àwọn méjèèjì á yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹni tó ṣì wà lórí Windows 10, update ọ̀fẹ́ ti parí láti 14 October 2025, àfi ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan. Kò sí sọ́fítíwíà ìtọ́jú kankan tó lè rọ́pò ìyẹn.

Ìlera disk: CrystalDiskInfo

Kò ní alábàádíje lójú tèmi. Ará Japan ló ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè gba zip ẹ̀ tí kò nílò ínstọ́ọ̀lù kẹ́ ẹ fi sórí flash. Disk máa ń kọ ìwé nípa ara ẹ̀, SMART ni wọ́n ń pè é, CrystalDiskInfo kàn ń kà á síta ni: búlúù ni Good, yẹ́lò ni Caution, pupa ni Bad. Ẹ wo ìlà 05, ìyẹn àwọn ibi tó ti bàjẹ́ tí disk ti fi òmíì rọ́pò, àti C5, àwọn ibi tí kò lè kà dáadáa tó ṣì ń ṣiyèméjì lé lórí. Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ máa ń ní lẹ́tà nínú, ẹ lọ sí Function, Advanced Feature, Raw Values, ẹ yan 10 [DEC], á di nọ́ńbà tí èèyàn lè kà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra tòkùnbọ̀ ní Computer Village, ẹ mú flash yẹn dání. Power On Hours wà lápá ọ̀tún lókè. Ẹni tó ní "bí tuntun ni" tí disk ẹ̀ ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 20,000, ọ̀rọ̀ ti yanjú, ẹ dá owó dúró.

Defrag, ìyẹn kíkó àwọn fáìlì tó fọ́n ká lórí disk jọ, ńkọ́? Windows ti ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fúnra ẹ̀, hard disk ló ń ṣe defrag fún, SSD ló ń ṣe TRIM fún (ìyẹn ni pé ó ń sọ fún un ibi tó ti ṣófo), ẹ má ra sọ́fítíwíà kankan fún un.

Mo ṣí CrystalDiskInfo lórí ti àǹtí. Yẹ́lò. Caution. Wákàtí 23,118. C5 ti di 48. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ tí bátìrì láàptọ́ọ̀pù náà ò sì gbé e mọ́, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ ló ń kú lójijì pẹ̀lú disk tó ń yí lọ́wọ́, ìyẹn náà ò lè ṣe é lóore. Ìdí gan-an tí kọ̀ǹpútà fi ń falẹ̀ nìyí, ibì kan náà ló ń gbìyànjú láti kà, kò rí i kà, ó tún padà, ó tún padà. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú àwọn sọ́fítíwíà márùn-ún yẹn, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ kí n lè fi hàn wọ́n, bọ́tìnnì ẹ̀ ṣì ń tàn bí ewé tútù, ó ní kọ̀ǹpútà wọn wà ní ipò tó dáa jù lọ.

Àǹtí wo ìkíní, wọ́n wo èkejì. "Ṣé èyí tó ń jẹ́ kí n máa tẹ Clean láràárọ̀ yìí ò rí i ni?"

Mo ní kò wò ó rárá mà.

A ń kó fáìlì wọn sórí external disk báyìí, lesson note àkọ́kọ́, fọ́tò tẹ̀lé e, inverter ni mo so ó mọ́ kí àwọn oníná má bàa ṣe wá léṣe. Wọ́n ti lọ bi owó SSD. Fódà kan tí wọ́n pè ní "Dadi 2016" dé 71%, ó dúró síbẹ̀ láti bí ogún ìṣẹ́jú, mi ò tíì fọwọ́ kàn án.